Ta ni ọmọ yín lè sọ fún? Bí àwọn ọmọ ṣe ń fìyà jẹ ara wọn nílé ẹ̀kọ́, àti ohun tó lè dá a dúró

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, fídíò kan gba orí ayélujára kan ní Nàìjíríà. Nínú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan nílùú Abuja ń gbá ọmọbìnrin akẹgbẹ́ wọn létí léraléra. Kò ṣẹlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ mìíràn wà níbẹ̀, ẹnì kan sì di fóònù mú, ó ń ya fídíò.

Ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ díẹ̀, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nígbà náà dá sí i, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lórí ayélujára ohun tí ojú tiwọn náà rí nígbà tí wọ́n wà ní girama.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí ariwo náà kò dáhùn. Bí kò bá sí fídíò, ta ni ìbá mọ̀?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyà tí àwọn ọmọ ń fi jẹ ara wọn nílé ẹ̀kọ́ kì í dé etí àgbà. Nínú ìròyìn kan tí àjọ UNESCO gbé jáde lọ́dún 2019, èyí tó kó orílẹ̀èdè 144 pọ̀, nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ló sọ pé akẹgbẹ́ òun fìyà jẹ òun ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kan. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì: ìdá 48.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí agbègbè mìíràn lágbàáyé tí iye rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn náà.

Ìròyìn kan náà sọ pé ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lemọ́lemọ́ máa ń pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ ju ìlọ́po méjì àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti omijé nìkan. Ó kan ẹ̀kọ́ tí òbí ń san owó lé lórí.

Kí ni à ń pè ní ìfìyàjẹni?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní "wọ́n ń búlì mi." Kì í ṣe gbogbo ìjà ọmọdé ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Bí ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba bá fa bọ́ọ̀lù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì tún ń ṣeré pọ̀ lọ́jọ́ kejì, ìjà lásán nìyẹn.

Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Bergen lórílẹ̀èdè Norway, ló la ọ̀nà fún ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí lágbàáyé. Ohun mẹ́ta ló ní ká máa wò. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ dun ẹnì kejì ni. Ìkejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń wáyé lemọ́lemọ́. Ìkẹta, agbára wọn kò dọ́gba: ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, tàbí ó wà ní kíláàsì tó ga jù, tàbí ó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ tó ń tì í lẹ́yìn, tàbí ó mọ àṣírí kan nípa ẹnì kejì.

Lílù nìkan kọ́ ni. Ó lè jẹ́ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pe ọmọ títí tí kò fi ní fẹ́ jáde mọ́. Ó lè jẹ́ gbígba mílíìkì àti súgà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òbí bá ti bẹ̀ ẹ́ wò tán. Ó lè jẹ́ pé gbogbo kíláàsì gbà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó tì í. Láyé fóònù yìí, ó lè jẹ́ àwòrán ọmọ kan tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp, tí gbogbo kíláàsì ti rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí tí ó burú nínú ti orí fóònù ni pé ilé kò jẹ́ ibi ìsinmi mọ́. Ọmọ náà ti dé yàrá rẹ̀, àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí àwọn ọmọ fi ń dákẹ́

Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó dákẹ́ kì í sábà dákẹ́ nítorí pé kò ní ohun tí yóò sọ. Ó ti ṣírò ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì rí i pé bí òun bá sọ, nǹkan lè burú sí i.

Ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Olùkọ́ máa ń lọ sílé nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pa iná títí di ìdájí, àwọn tó kù nínú yàrá náà ni ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ àti àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́. Bí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá lọ sọ fún olùkọ́ lọ́sàn-án, tí olùkọ́ sì pe ẹni náà jáde níwájú gbogbo ènìyàn, tó nà án ní ẹgba mẹ́fà, kí ni olùkọ́ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lóru?

Orúkọ sì wà nílẹ̀ fún ọmọ tó bá sọ. Aṣòfófó ni wọ́n ń pè é. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ yẹn burú ju ọ̀lẹ tàbí olè lọ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní orúkọ náà lè wà láìní ọ̀rẹ́ títí tí yóò fi jáde.

Àwa àgbà náà ní ìpín tiwa. Ọmọ tó fi ìgboyà sọ fún òbí lè gbọ́ pé, "Ṣé ìwọ kò ní ọwọ́ ni?" Ó lè gbọ́ pé, "Kí lo ṣe fún un?" bí ẹni pé òun ló fà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni, "Gbogbo wa la là á kọjá, òun ló sọ wá di ènìyàn." Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní í wá mọ́. Ó ti mọ̀ pé òun nìkan ló ni ín.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ikú akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 12 kan tó ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú Èkó da ìlú rú. Ẹbí rẹ̀ sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fìyà jẹ ẹ́, ilé ẹ̀kọ́ sì sọ pé ibi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ti fẹsẹ̀ pa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún ìgbà kan, ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú sì jókòó lórí rẹ̀. Lọ́dún 2024, ilé ẹjọ́ náà sọ pé àìsàn ló pa ọmọ náà, pé kì í ṣe lílù. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gbóná, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn ń gbé nílé ẹ̀kọ́ ń bi ara wọn léèrè kò ju ọ̀kan lọ: bí nǹkan bá ń ṣe ọmọ mi níbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?

Sínníọ̀ àti júníọ̀

Àwọn kan gbà pé kí ọmọ ńlá máa rán ọmọ kékeré níṣẹ́ jẹ́ àṣà wa, pé ọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa.

Ètò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa fọ aṣọ sínníọ̀, kí ó máa pọn omi rẹ̀, kí ó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò ti agbo ilé wa wá. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gbígbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní irú rẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin kékeré ti jẹ́ ìránṣẹ́ fún ọmọkùnrin ńlá. Ó bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn àti àwọn míṣọ́nárì dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó dé, ó bá ọ̀wọ̀ fún àgbà nílẹ̀, ó sì wọ aṣọ rẹ̀.

Ní Ghana, ìran dé ìran ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní girama ti ń la àkókò tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wọ́n tàbí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá kí wọ́n tó gbà pé wọ́n ti di ara ilé. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti gbé ilé ẹ̀kọ́ rí mọ ìkúnlẹ̀, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, àti jíjí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ tò sídìí omi kí sínníọ̀ tó jí.

Ọ̀wọ̀ tí àwọn baba wa mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọmọdé ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àmọ́ àgbà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Sínníọ̀ tó ń gba gàrí ọmọ kíláàsì kìíní ti mú ẹ̀gbẹ́ tó wù ú nínú àṣà, ó sì sọ èkejì nù.

Ohun tó jẹ́ kí ètò náà tọ́jọ́ ni pé ó ń bí ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ lọ́dún yìí ń ka ọjọ́ tí òun náà yóò di sínníọ̀. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fòpin sí i gbọ́dọ̀ yí iṣẹ́ sínníọ̀ padà. Kí ó fi ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan, kí ó sì mú àgbà náà dáhùn bí nǹkan bá ṣe ọmọ ọ̀hún. Kí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rán ọmọ mìíràn níṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá ti kú. Kí àwọn ọmọ kékeré ní yàrá tiwọn, kí ìyá ilé sì máa sùn sítòsí.

Àwọn ọmọ tí ewu náà pọ̀ jù fún

Ìròyìn UNESCO sọ pé ìrísí ọmọ ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn akẹgbẹ́ máa ń tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ tó sanra, èyí tó tín-ín-rín, àfín, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, èyí tó ń tiro. Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀ ara àti orílẹ̀èdè tí ọmọ ti wá.

Nílẹ̀ wa, a lè fi àwọn mìíràn kún un. Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọ láti ẹ̀yà gbogbo lè kàwé pọ̀, bí ọmọ ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè di ẹ̀rín lẹ́nu àwọn yòókù. Ọmọ tí rògbòdìyàn lé kúrò ní abúlé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Borno lè wọ kíláàsì tó dàgbà jù fún, pẹ̀lú bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tó ń kólòlò mọ̀ pé bí olùkọ́ bá ní kí òun kàwé sókè, ẹ̀rín yóò sọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ nítorí iṣẹ́ ilé ń gba ìyà lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà ní Nàìjíríà lọ́dọọdún tó 150,000, kò sì sí orílẹ̀èdè mìíràn tí iye tiwọn tó bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa pọ́n bí iyeyè, ara rẹ̀ lè kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní láti máa mu omi púpọ̀, àrùn náà sì máa ń mú kí ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà títọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọ́pọ̀ láàárín wọn ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Òtútù àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó lè mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó gan-an.

Ẹ wá fi ọmọ yìí sínú yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹni tó bá tọ̀ sílé ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò dẹ́kun omi mímu kí ó má bàa tọ̀. Ẹ wá fi sínníọ̀ tó ní kí ó lọ pọn omi ní ìdájí ọjọ́ ọyẹ́ kún un. Ohun tí àwọn yòókù ń pè ní eré lè gbé ọmọ yìí dé ọsibítù. Bí olùkọ́ kò bá mọ ìlera rẹ̀, tàbí tí ọmọ náà kò rí ẹni tí yóò sọ fún, kò sí ẹni tí yóò so ohun méjèèjì pọ̀.

Àwọn tó ń wò

Nínú fídíò Abuja, àwọn tó yẹ ká wò dáadáa ni àwọn ọmọ tí kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Àwọn ló pọ̀ jù ní ibi gbogbo.

Àwọn onímọ̀ ní Toronto, lórílẹ̀èdè Kánádà, fi kámẹ́rà wo àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ìfìyàjẹni wáyé, akẹgbẹ́ wà níbẹ̀ ní ìgbà 88. Ìgbà 19 péré ni ẹnì kan nínú wọn dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà tí ìyà náà dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Ẹni tó ń fìyà jẹni ń wá òǹwòran. Bí ẹ̀rín bá kú, eré rẹ̀ bàjẹ́. Orí èyí ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Turku, lórílẹ̀èdè Finland, gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní KiVa kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ sì gbà. Wọn kò dúró lórí ẹni tó ń fìyà jẹni àti ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ nìkan. Gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń kọ́ ní ohun tí òǹwòran lè ṣe.

Kò pọn dandan kí ọmọ kékeré lọ dúró níwájú sínníọ̀ kó máa bá a jà. Ó lè kọ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pé "Ìyá ilé ń pè ẹ́." Ó lè lọ jókòó ti ọmọ náà nígbà oúnjẹ. Ó lè sọ fún àgbà. Kí a sì kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfófó àti ìrànlọ́wọ́: òfófó ni sísọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn lè wọ wàhálà, ìrànlọ́wọ́ sì ni sísọ̀rọ̀ kí ẹnì kan lè bọ́ nínú wàhálà.

Nígbà tí olùkọ́ náà bá ń na ẹgba

Ọmọ tó rí i pé ẹni tó tóbi ló ń na ẹni tó kéré ní gbogbo ọjọ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí kò sí nínú ìwé. Ó sì ṣòro fún un láti fọkàn tán ẹni tó di pàṣán mú.

Ní agbègbè Luwero lórílẹ̀èdè Uganda, wọ́n dán ètò kan wò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 42. Àjọ Raising Voices ló gbé ètò náà kalẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣètò bí ilé ẹ̀kọ́ wọn yóò ṣe rí, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgbìmọ̀ tiwọn, olùkọ́ sì ń kọ́ ọ̀nà mìíràn láti bá ọmọ wí. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó lo ètò náà, ewu pé òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yóò lu ọmọ fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oṣù méjìdínlógún péré ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Ghana, àjọ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀ tún pàṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 pé kí olùkọ́ má na ọmọ mọ́, wọ́n sì fún wọn ní ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ohun tí wọ́n lè ṣe dípò rẹ̀.

Kí ni òfin sọ?

Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ àti ìtọ́jú ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1990, sọ pé kí ìbáwí nílé ẹ̀kọ́ má tàbùkù ọmọ. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é léṣe ní ara tàbí ní ọkàn. Òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fòfin de ìyàsọ́tọ̀ wọn. Lọ́dún 2021, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà jáde lórí ààbò àti ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìwà ipá.

Òfin kò wọ́n wa. Ibi tí ó ti ń kù díẹ̀ ni ọ̀nà láti inú yàrá tí ọmọ ń sùn dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn àmì tí òbí lè rí

Ọmọ lè má sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ lè sọ ọ́. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí pa pọ̀:

• Inú ń run ún tàbí orí ń fọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ ìsinmi.

• Ìwé, owó, aṣọ tàbí oúnjẹ rẹ̀ ń sọnù, kò sì lè ṣàlàyé.

• Ebi ń pa á gan-an bó bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ fún un ní owó oúnjẹ.

• Ó yí ọ̀nà tó ń gbà lọ sílé ẹ̀kọ́ padà, tàbí kì í lo ilé ìtọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

• Bí fóònù bá dún, ojú rẹ̀ á yí padà.

• Èsì ìdánwò rẹ̀ já wálẹ̀, oorun rẹ̀ dàrú, kò sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kankan mọ́.

• Ó ń sọ pé òun kò wúlò, tàbí pé ó sàn kí òun má sí láyé. Ẹ má ṣe dúró lórí èyí rárá. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Bí ọmọ bá sọ fún yín

Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ lè ní láti sọ. Ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní gbé ìgbésẹ̀ láìjẹ́ pé òun náà mọ̀.

Ẹ má ní kí ó lọ lu ẹni náà padà. Bí agbára wọn bá dọ́gba ni, ọ̀rọ̀ náà kì bá má dé ibẹ̀. Ẹ má sì sáré lọ bá òbí ọmọ kejì jà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì ni yóò san gbèsè ìjà yín.

Ẹ kọ ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe àti ẹni tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ lórí fóònù, ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ mú u lọ bá olùkọ́ kíláàsì tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe àti ọjọ́ tí ẹ máa padà wá gbọ́ àbọ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe ọmọ léṣe, ẹ gba ìwé dókítà, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá tàbí àjọ tó ń rí sí ààbò ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yín létí.

Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló ń fìyà jẹ ẹlòmíràn ńkọ́? Ìròyìn yìí ń dun òbí, ọ̀pọ̀ sì máa ń sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wádìí. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀, pé ìwà yẹn gbọ́dọ̀ dópin, kí ó sì dá ohun tó gbà padà. Ẹ wo bóyá ẹnì kan ń fìyà jẹ òun náà, nílé ẹ̀kọ́ tàbí nílé. Lílù ú bolẹ̀ nítorí pé ó lu ẹlòmíràn yóò kọ́ ọ ní ohun kan náà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ lè bi ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó san owó

Ilé ẹ̀kọ́ tó bá sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kò tíì dá yín lóhùn. Ẹ bi wọ́n pé:

1. Ta ni orúkọ àgbà méjì tí ọmọ mi lè lọ bá, ṣé ọmọ mi sì ti mọ̀ wọ́n lójú?

2. Bí ọmọ bá sọ, kí lẹ máa ṣe kí ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn má bàa gbẹ̀san lóru ọjọ́ náà? Ṣé ẹ lè yí ibùsùn padà? Ta ló máa bi ọmọ náà léèrè lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan?

3. Àgbà wo ló máa ń wà nídìí omi, ní ilé ìtọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tò fún oúnjẹ, àti nínú bọ́ọ̀sì? Olweus rí i nínú ìwádìí rẹ̀ pé ibi tí olùkọ́ bá pọ̀ sí ní àkókò ìsinmi, ìyà máa ń dín kù níbẹ̀.

4. Ṣé ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín lè bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìsí sínníọ̀ tàbí olùkọ́ tó dúró tì í?

5. Ta ló mọ̀ nípa ìlera ọmọ mi, ṣé ìyá ilé tó ń ṣọ́ wọn lóru wà nínú wọn?

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sílé, kí ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo nígbà tí ara bá tù ú, bóyá níbi tí ẹ ti jọ ń bó ẹ̀wà tàbí nínú ọkọ̀: "Bí nǹkan kan bá ń dẹ́rù bà ẹ́ níléèwé, ta lo máa sọ fún?" Bó bá dárúkọ ẹnì kan láìronú, ẹ dúpẹ́. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún yín àti fún ilé ẹ̀kọ́ náà.